Àga Tó Fún Bàbá Lẹ́nu

Àwọn tó ń sọ pé ìfẹ́ dùn, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa sọ. Ó dùn lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ohun tó dùn ṣe ń há èèyàn lọ́fun, tí kò ṣeé gbé mì, tí kò sì ṣeé pọ̀ jáde, ẹ ní kó lọ bi Alábẹ́rẹ́.

Orúkọ tí gbogbo àdúgbò ń pè é nìyẹn, torí aṣọ àga ló ń rán ní ṣọ́ọ̀bù bàbá rẹ̀. Bàbá á kan àga, òun á wọ̀ ọ́ láṣọ. Ọ̀gá Káfíńtà ni wọ́n ń pe bàbá náà, igi gidi nìkan ló sì ń fọwọ́ kàn. Tẹ́nikẹ́ni bá gbé pákó àlẹ̀pọ̀ wọlé, èyí tí wọ́n fi lẹ́búlẹ́bú igi àti gọ́ọ̀mù tẹ̀ pọ̀, á ní kó tètè gbé e jáde kó má lọ kó àrùn ran àwọn tó kù.

Ọjọ́ tí ilé géèmù tó wà ní ìkóríta kógbá sílé ni ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀. Àwọn ẹ̀rọ géèmù gàgàrà tí àwọn ọ̀dọ́ máa ń dúró síwájú wọn, tí wọ́n á máa fa ọ̀pá, tí wọ́n á máa tẹ bọ́tìnnì bí ẹni tí ẹ̀mí ń gùn, wọ́n kó gbogbo ẹ̀ síta, wọ́n ní kẹ́ni tó bá fẹ́ wá gbé. Lẹ́dà ara àga àwọn ẹ̀rọ eré mọ́tò, èyí tí wọ́n máa ń jókòó ta, ni Alábẹ́rẹ́ bá lọ. Ó rí pupa kan tó wù ú, ó dì í mú, ó fà á. Nǹkan kan fà á padà láti abẹ́. Ó bẹ̀rẹ̀ wò ó. Ọkùnrin kan ló nà gbalaja sábẹ́ àga, ó ń tú ìdè ẹ̀, òwú aláǹtakùn sì ti bo ìpéǹpéjú rẹ̀ méjèèjì.

Ọkùnrin náà ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, èmi ni mo kọ́kọ́ dé ìdí eléyìí."

"Ta ni ẹ̀gbọ́n ẹ? Jáde síta ká wo ojú ẹ ná."

Ó yọ jáde. Ó wo Alábẹ́rẹ́, ó wo lẹ́dà, ó tún wo Alábẹ́rẹ́. "Ẹ máa mú lẹ́dà lọ. Ẹ ṣáà fún mi ní egungun ẹ̀."

"Kí lo fẹ́ fi egungun ṣe?"

"Àga."

"Àga lo fẹ́ fi àga ṣe?"

"Àga ilé ni o. Èyí téèyàn máa jókòó sí, tí kò ní máa pariwo mọ́ ọn pé ó ti kú, kó wá owó míì sí i."

Alábẹ́rẹ́ rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ẹni tó bá ti mú obìnrin rẹ́rìn-ín débi tó jókòó sílẹ̀, ẹ má wulẹ̀ béèrè ohun tó kù.

Kò pẹ́ tó fi ń wá ìdí lọ sí ṣọ́ọ̀bù ọkùnrin náà. Lónìí, ó gbàgbé abẹ́rẹ́ síbẹ̀. Lọ́la, ó fẹ́ wọn fóòmù tó ti wọ̀n lánàá. Gíláàsì ojú ẹ̀rọ géèmù ni ọkùnrin yìí fi ń ṣe ojú tábìlì. Ilẹ̀kùn kékeré tí wọ́n ń ti owó ẹyọ bọ̀ ló fi ń ṣe ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù, ọ̀pá tí wọ́n fi ń darí eré ló sì fi ń ṣe ìdìmú. Kò sí ohun tó máa kàn tí kò ní fi bọ́tìnnì aláwọ̀ kan sí lára, ìdí nìyẹn táwọn èèyàn fi sọ ọ́ ní Bọ́tìnnì. Ó ní tábìlì kan tó jẹ́ pé téèyàn bá gbé ife lé e, iná búlúù á tàn lábẹ́ gíláàsì. Alábẹ́rẹ́ á gbé ife tíì lé e, á gbé e kúrò, á tún gbé e lé e, títí tíì á fi tutù.

Ìdí tábìlì yẹn ni Bọ́tìnnì ti dẹnu kọ ọ́. Ó kàn là á ni, "Mo fẹ́ fẹ́ ẹ."

"Ṣé bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn?"

"Báwo ni wọ́n ṣe ń sọ ọ́?"

"Mi ò mọ̀. Tún un sọ ká gbọ́."

Ó tún un sọ. Alábẹ́rẹ́ gbé ife lé tábìlì, iná tàn, kò sì gbé e kúrò mọ́.

Àbúrò bàbá rẹ̀ obìnrin, tí wọ́n ń pè ní Àǹtí Kíákíá, ló ṣe alárinà. Ẹ mọ irú ẹni bẹ́ẹ̀: kó o tó sọ pé ebi ń pa ọ́, ó ti bu oúnjẹ fún ọ, ó sì ti bá ọ jẹ ẹ́. Òun ló mú Bọ́tìnnì wá sílé. Ọmọkùnrin náà kò wá lọ́wọ́ òfo, ó kan àpótí ìjókòó kan tó dára fún Bàbá, ó kùn ún ní ọ̀dà tó ń dán, ó fi bọ́tìnnì wúrà sí i létí.

Bàbá dojú àpótí náà dé, ó fi èékánná họ ìdí rẹ̀ níbi tí ọ̀dà ò dé, ó gbé ife omi tó ń mu, ó sì dà á síbẹ̀.

"Ẹ jẹ́ ká dúró," ló wí.

Gbogbo wọn dúró. Àǹtí Kíákíá fẹ́ dá àpárá kan, ó wo ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó gbé àpárá náà mì. Nígbà tó yá, ìdí àpótí bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Bàbá fi ìka kan tẹ pákó àlẹ̀pọ̀ náà, ó sì fọ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ bí búrẹ́dì tó bọ́ sínú tíì.

"Ọ̀dọ́mọkùnrin, ọwọ́ ẹ mọ́," Bàbá wí. "Mo rí bó o ṣe so oríkèé ẹ̀, mo gbà fún ẹ. Ṣùgbọ́n ohun tí ife omi kan lè bà jẹ́ kọ́ ni mo fẹ́ kọ́mọ mi jókòó lé. Rárá ni."

"Bàbá, mo lè kọ́ iṣẹ́ igi gidi."

"Mo ní rárá ni. Ẹ kú àbọ̀, ẹ sì kú ìpadàlọ."

Alábẹ́rẹ́ sunkún títí ojú rẹ̀ wú ju ìdí àpótí yẹn lọ. Kò lè kọ bàbá rẹ̀ sílẹ̀, kò lè kọ Bọ́tìnnì sílẹ̀. Gbogbo ohun tó lè ṣe náà ni kó máa rán aṣọ àga àwọn tó ń ṣègbéyàwó.

Ọdún yẹn kò tíì tán tí àrùn rọpárọsẹ̀ fi dá Bàbá mọ́lẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù, ìfági lọ́wọ́. Ẹ̀mí rẹ̀ kò bọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀tún lọ, ẹsẹ̀ ọ̀tún lọ, ohùn náà sì bá wọn lọ. Ọwọ́ òsì nìkan ló ṣì ń gbọ́ tirẹ̀ díẹ̀. Dókítà ní ọpọlọ rẹ̀ pé, ohun gbogbo tí wọ́n ń sọ ló ń yé e. Ẹ wo ìyà! Kéèyàn máa gbọ́ tẹnu gbogbo ayé, kó má lè dá ẹnì kankan lóhùn.

Alábẹ́rẹ́ ló di ẹnu rẹ̀. Màmá Alábẹ́rẹ́ ti dàgbà, ojú rẹ̀ kò sì dáa mọ́. Alábẹ́rẹ́ ló ń bọ́ Bàbá, òun ló ń nu ún lẹ́nu, òun ló ń yí i padà lórí bẹ́ẹ̀dì.

"Omi ni, Bàbá? Kì í ṣe omi. Ìrọ̀rí ni? Ṣé ẹsẹ̀ ló ń dùn yín? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, mò ń bá a bọ̀."

Bàbá á kàn máa wò ó, omi á sì máa bọ́ lójú rẹ̀ kan ṣoṣo tó ṣì ń pa dé dáadáa.

Bọ́tìnnì ń wá. Kò sẹ́ni tó pè é, ṣùgbọ́n agbára Alábẹ́rẹ́ kò ká bàbá rẹ̀ tó sanra tó bẹ́ẹ̀. Á gbé Bàbá lọ balùwẹ̀, á gbé e padà, Bàbá á sì dijú títí tí yóò fi lọ. Màmá rí gbogbo èyí, ọkàn rẹ̀ sì rọ̀.

Ìgbà náà ni Àǹtí Kíákíá dé. "Ẹ jẹ́ ká mú ọjọ́. Ẹni tó dákẹ́ ti gbà."

Màmá ní, "Ohun tí mo mọ̀ ni pé ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́."

"Ohun tí mò ń wí gan-an nìyẹn! Tara bọ̀ọ̀dá mi ti dákẹ́. Ẹ jẹ́ ká máa bá tiwa lọ."

Inú yàrá tí Bàbá dùbúlẹ̀ sí ni wọ́n ti ń sọ ọ́. Alábẹ́rẹ́ rí i tí ọwọ́ òsì bàbá rẹ̀ ń họ aṣọ bẹ́ẹ̀dì. Ó mọ̀ pé ó yẹ kóun bi í pé kí ló ń fẹ́. Kò bi í. Ó fi aṣọ bo ọwọ́ náà bí ẹni pé òtútù ló ń mú un, ojú ara rẹ̀ sì tì í, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ ń dùn lábẹ́lẹ̀. Kí ni kó ṣe? Ọjọ́ orí rẹ̀ kò dúró dè é, ọkùnrin tó fẹ́ràn wà nílẹ̀, ẹni tó sọ pé rárá kò sì lè sọ ọ́ mọ́. Wọ́n mú ọjọ́ Sátidé kan.

Bọ́tìnnì fúnra rẹ̀ ló da omi sí i. Wọ́n jókòó sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó ní, "Ọ̀rọ̀ yìí kò jẹ́ kí oúnjẹ lọ lọ́fun mi. Tí mo bá gbé ẹ níyàwó báyìí, bí ẹni jí nǹkan olóhun níṣojú ẹ̀ ni."

"Àwọn àgbà ti gbà."

"Bàbá ẹ kò tíì gbà. Mo ti ro nǹkan kan. Bọ́tìnnì géèmù wọ̀nyẹn tóbi, wọ́n rọrùn láti tẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ lásán ti tó. Màá fi irin àga eré mọ́tò ṣe egungun, màá fi igi gidi ṣe apá ẹ̀, màá to bọ́tìnnì sápá òsì. Àwọ̀ ewé, iná á tàn, bẹ́ẹ̀ ni. Pupa, rárá. Funfun, agogo á dún, kẹ́ ẹ wá. Á lè sọ̀rọ̀! Á sì rí i pé ohun tí mo kàn fún un dúró. Á gbà mí. Mo mọ̀ pé á gbà mí."

*Má kàn án.* Ọ̀rọ̀ yẹn dé ètè Alábẹ́rẹ́, ó dúró síbẹ̀. Báwo lọmọ ṣe máa lanu sọ pé kí wọ́n fi bàbá òun sílẹ̀ ní odi kóun lè rọ́kọ fẹ́? Ó wo ojú Bọ́tìnnì tó ń tàn bí ojú ọmọdé tó ríyàá ẹ̀.

"Lẹ́dà dúdú ni kí n fi rán ìjókòó ẹ̀, àbí búráùn?" ló bi í.

Nígbà tí àga dé, wọ́n gbé Bàbá jókòó sínú rẹ̀, Bọ́tìnnì so wáyà mọ́ iná ilé. Ó ṣàlàyé àwọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bàbá wo ibòmíì. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ wá bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lórí apá àga, ó ń fọwọ́ wá ibi tí igi ti pàdé igi, kò sì rí ojú ìsopọ̀ kankan.

Màmá ní, "Bàbá ọmọ mi, ṣé ẹ máa mu tíì?"

Iná àwọ̀ ewé tàn.

Màmá figbe ta. Ó dì mọ́ àga, ó dì mọ́ Bọ́tìnnì, ó wá jókòó sí ilẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń sunkún. "Ṣúgà ńkọ́? Ṣé kí n fi ṣúgà sí i?" Pupa. "Áà! Láti ìgbà yìí ni mo ti ń fi ṣúgà sí tíì yín níṣojú yín!"

Ilé yí padà. Tí Àǹtí Kíákíá bá bẹ̀rẹ̀ òfófó, iná pupa á máa ṣẹ́jú lẹ́sẹ̀lẹ́sẹ̀ títí á fi panu mọ́. Bàbá kì í fẹ́ dìde lórí àga náà mọ́, wọ́n sì rí i tó rẹ́rìn-ín apá kan. Tí agogo bá dún, Alábẹ́rẹ́ á sáré wọlé. Ó ń rí bí inú gbogbo wọn ṣe ń dùn, ó ń ka ojú bàbá rẹ̀, ìbẹ̀rù sì ń jẹ ẹ́ lápá kan inú bí ìgbà tí kòkòrò wà nínú igi.

Ọ̀sẹ̀ ìgbéyàwó ni Bọ́tìnnì wá, ó wọ aṣọ tó mọ́, ó fi orúnkún méjèèjì kúnlẹ̀ síwájú àga tó kàn fúnra rẹ̀. Màmá wà níbẹ̀, Àǹtí Kíákíá wà níbẹ̀, Alábẹ́rẹ́ dúró sẹ́nu ọ̀nà.

"Bàbá, ẹ ti kọ̀ fún mi nígbà kan, mi ò gbàgbé. Àwọn yòókù ti gbà, ṣùgbọ́n ẹnu yín ni mo fẹ́ gbọ́. Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé mo lè fẹ́ ọmọ yín?"

Bàbá wò ó pẹ́. Ọwọ́ rẹ̀ gbéra, ó wúwo, ó sì balẹ̀.

Pupa.

Àǹtí Kíákíá ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Ó ti ṣì í tẹ̀. Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ fara balẹ̀, ẹ tún un tẹ̀."

Pupa.

"Wáyà! Wáyà ló lọ́ mọ́ra! Bọ́tìnnì, wo ìdí ẹ̀, wáyà ti lọ́ mọ́ra níbẹ̀, àbí?"

Màmá ń wo Bọ́tìnnì, ó ń fojú bẹ̀ ẹ́. Ọmọkùnrin náà lọ sẹ́yìn àga, ó ṣí ilẹ̀kùn kékeré tó wà níbẹ̀, ó yẹ àwọn wáyà wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Kí ló dé tí kò purọ́? Ọ̀rọ̀ kan péré ni. Alábẹ́rẹ́ ń gbàdúrà pé kó purọ́, ó sì ń gbàdúrà pé kó má purọ́.

"Kò sí ohun tó ṣe é," Bọ́tìnnì wí. "Èmi ni mo so ó. Ó pé." Ó dìde, ó jáde sí ẹ̀yìnkùlé láìwo ẹnì kankan.

Màmá sún mọ́ ọkọ rẹ̀. "Ṣé torí iṣẹ́ ẹ̀ ni? Ṣé ẹ ṣì ń bínú pákó ọjọ́ yẹn?" Pupa. "Ṣé ìwà ẹ̀ ni?" Pupa. "Tí wọ́n bá ṣe é tán, tí wọ́n wá ń gbé ọ̀dọ̀ wa níbí ńkọ́?"

Ọwọ́ náà dúró lófuurufú díẹ̀, kó tó balẹ̀. Pupa.

"Ó tó!" Àǹtí Kíákíá fa Alábẹ́rẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Gbọ́ mi. Ta ló rí i? Àwa náà ni. Bọ̀ọ̀dá mi ti kọ̀ tẹ́lẹ̀, a sì mú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ náà. Yọ wáyà yẹn kúrò lára ògiri. Tẹ́ ẹ bá ti ṣègbéyàwó tán, kó o tún kì í padà. Kí ló burú níbẹ̀?"

Ẹ má rò pé Alábẹ́rẹ́ bínú sí i. Ó lọ sídìí ògiri. Ó bẹ̀rẹ̀, ó di orí wáyà mú. Sátidé tó ń bọ̀ wà nínú àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ó gbójú sókè, ó sì rí i pé bàbá rẹ̀ ń wò ó. Kì í ṣe ojú Ọ̀gá Káfíńtà tó máa ń da omi sórí iṣẹ́ ẹni. Ojú ẹni tó wà nínú kòtò tó ń wo ẹni tó di okùn mú ni.

Ó fi wáyà sílẹ̀, ó wá kúnlẹ̀ síbi ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Bàbá, ṣé ẹ̀rù ń bà yín ni?" ó rọra wí. "Ṣé ẹ rò pé tí mo bá di tẹlòmíì, bí mo tiẹ̀ ń gbé inú ilé yìí náà, òun ni màá kọ́kọ́ máa dá lóhùn?"

Bàbá dijú. Ọwọ́ rẹ̀ wá bọ́tìnnì náà láìríran, ó sì rí i. Iná àwọ̀ ewé tàn, kò sì kú, torí Bàbá kò gbé ọwọ́ rẹ̀ kúrò. Ó ń sunkún bí ọmọ kékeré, láìdún.

Kí lèèyàn ń fi irú ìyẹn ṣe? Ká ní ìgbéraga ni, Alábẹ́rẹ́ ì bá bá a jà. Ká ní àìfẹ́ràn ni, ì bá bẹ̀ ẹ́ títí á fi gbà. Ó gbé orí lé orúnkún bàbá rẹ̀, apá tí kò mọ nǹkan kan mọ́ lára, ó ní, "Mo gbọ́, Bàbá. Mo ti gbọ́ yín."

Ó bá Bọ́tìnnì ní ẹ̀yìnkùlé lórí kùkùté igi kan, tó ń fi ọwọ́ kan fún ìka ọwọ́ kejì. Alábẹ́rẹ́ sọ gbogbo rẹ̀ fún un, kò fi nǹkan kan pa mọ́, títí dórí wáyà tó dì mú.

"O ò yọ ọ́," Bọ́tìnnì wí.

"O ò purọ́."

Aṣọ tí wọ́n sá ń fẹ́ lórí okùn.

"Ká ní mi ò kan àga yẹn ńkọ́?" ó bi í.

"À bá ṣe é ní Sátidé."

"Mo rò pé tó bá ti lè sọ̀rọ̀..."

"Èmi mọ̀," Alábẹ́rẹ́ wí, ẹkún gbà á lẹ́nu. "Mo mọ̀ ọ́n látilẹ̀. Mo fẹ́ sọ fún ẹ pé má kàn án. Ẹnu mi ò gbà á."

Bọ́tìnnì yíjú sí i. Kò bínú. Ì bá sàn kó bínú. Ó na ọwọ́, ó fi àtàǹpàkò nu omi ojú rẹ̀, ó sún mọ́ ọn díẹ̀, ẹnu rẹ̀ sì là bí ẹni tó rí ọ̀rọ̀ kan tó lè gba àwọn méjèèjì sílẹ̀.

Agogo dún nínú ilé.

Alábẹ́rẹ́ kò dìde. Ó di ọwọ́ Bọ́tìnnì mú, ó dì í mú pinpin. Agogo tún dún, ó pẹ́ díẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Ìró rẹ̀ ròkè dáadáa, torí Bọ́tìnnì ti rí i dájú pé ibi yòówù kí Alábẹ́rẹ́ wà nínú ọgbà, á máa gbọ́ ọ.

"Máa lọ," Bọ́tìnnì wí, ó sì rọra yọ ọwọ́ rẹ̀ kúrò. "Ó ń pè ọ́."